Ohun tí ọ̀dà ń bò mọ́lẹ̀ nínú ilé etí òkun

Ẹni tó bá ti wá ilé rà rí láàárín Lẹ́kkí sí Àjáh mọ bó ṣe máa ń lọ. Ajẹ́ǹtì á ṣílẹ̀kùn, táìlì á máa dán, iná á máa tàn lára àjà pí-ó-pí, ọ̀dà funfun ò tíì gbẹ tán. Oníbàárà á wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka yàrá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti pẹ́ nídìí kí á máa yẹ ilé wò kò tíì wọlé ní tirẹ̀. Ó ṣì wà níta, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ìdí géètì.

Ìpáàrà ló ń wò. Bí irin géètì bá ti jẹ láti ìsàlẹ̀ dé orúnkún, tí apá òkè rẹ̀ sì dá ṣáká, a jẹ́ pé omi máa ń dúró níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní etí òkun, ìta ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò.

Kí n tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé kí wọ́n bá olùrà yẹ ilé wò ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun. Ní Nàìjíríà, ọwọ́ púpọ̀ ni iṣẹ́ yẹn pín sí. Súfèyọ̀ tó gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá, ilẹ̀ ló ń wọ̀n. Ó máa sọ ibi tí ààlà yín dé, ó sì lè bá yín wádìí bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Ẹ́síteètì súfèyọ̀ ní tirẹ̀, iye tó yẹ kí ilé náà tó ló ń sọ. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí èyí tó máa sọ fún yín pé irin inú òpó ti ń jẹrà. Ẹnjiníà tó mọ̀ nípa bí ilé ṣe ń dúró, tó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ló ni ìyẹn. Mo mọ ẹnì kan tó sanwó súfè, tó gba pépà aláwọ̀ pupa tó fi hàn pé súfè náà ti wọ ìwé ìjọba, tó sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé òun ti yẹ ilé òun wò tinú tòde. Ilẹ̀ ilé ló yẹ̀ wò.

Ó dáa, kí ni ẹnjiníà yẹn ń wá?

Iyọ̀ ni. Bí ìgbì bá ń fọ́ sí bèbè, ó máa ń ta omi wẹ́wẹ́ sínú afẹ́fẹ́, iyọ̀ sì wà nínú omi náà. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti orí òkun ló ń gbé e wọ àdúgbò. Ilé tó sún mọ́ bèbè jù ló ń jẹ iyọ̀ jù, bí ẹ bá sì ṣe ń kúrò létí omi ló ń dín kù. Ṣùgbọ́n Lẹ́kkí jẹ́ ilẹ̀ tóóró tí òkun wà níwájú rẹ̀ tí ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀sà Èkó fúnra rẹ̀ kì í ṣe omi dídùn látòkè délẹ̀: lásìkò òjò, omi odò máa ń fọ iyọ̀ rẹ̀ dà nù, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á tún wọ inú rẹ̀.

Kọnkéré kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù iyọ̀. Irin tó wà nínú rẹ̀ ló ń bẹ̀rù. Sìmẹ́ńtì tó ṣì le dáadáa máa ń mú bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Lórí òṣùwọ̀n pH tí wọ́n fi ń wọn irú mímú yẹn, ó máa ń wà láàárín 12 sí 13. Nínú ohun tó mú tó bẹ́ẹ̀, awọ tínrín kan tí ojú ò lè rí máa ń bo ara irin, awọ yẹn ni kì í jẹ́ kó dógùn-ún. Bí iyọ̀ bá ti rìn dé ìdí irin, awọ yẹn ló máa kọ́kọ́ lu. Irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún, ìpáàrà rẹ̀ á sì gba ààyè tó tó ìlọ́po 2 sí 6 èyí tí irin náà gbà tẹ́lẹ̀. Kò síbi tó lè wú sí nínú kọnkéré. Nítorí náà, láti inú ni yóò ti fọ́ ọ. A máa ń sọ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ti iyọ̀ yàtọ̀: aláǹgbá á ti kọ́kọ́ wọlé, òun ló máa wá la ògiri lẹ́nu.

Ìdí nìyí tí ẹni tó mọṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ògiri tó tẹ́jú. Abẹ́ bàkónì ló ń wò, àti etí pẹpẹ tó yọ síta lókè fèrèsé, àti ìdí àwọn òpó. Ó ń wá ìlà tó lanu gbọọrọ tó tẹ̀ lé ibi tí ọ̀pá irin gbà kọjá, pàápàá tí àwọ̀ bí omi tíì bá ń ṣàn jáde lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà á mú òòlù kékeré, á máa fi kan kọnkéré lọ díẹ̀díẹ̀. Ibi tó le máa ń dún kó, kó, kó. Ibi tó ti là nínú máa ń dún bò, bí igbá tó ṣófo. Ọmọdé tí wọ́n bá fi hàn lẹ́ẹ̀kan á mọ ìyàtọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń san àádọ́ta mílíọ̀nù náírà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láì kan ògiri rí.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni báwo ni irin ṣe jìnnà sójú kọnkéré tó. Létí òkun, ìwọ̀n mílímítà 50 ni àwọn ẹnjiníà máa ń fẹ́ kó bo irin, tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń pa àyè yẹn mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń da kọnkéré ni bulọ́ọ̀kù kékeré tí àwọn bẹ́ńdà tó ń tẹ irin ń pè ní bísíkíìtì. Bí wọn ò bá ṣe bísíkíìtì tó tó, tàbí tí wọ́n fi òkúta lásán tì í, irin á sún mọ́ pákó tí wọ́n da kọnkéré sí, bí wọ́n bá sì tú pákó tán, ó lè jẹ́ pé mílímítà 10 péré ló kù láàárín irin àti atẹ́gùn òkun. Wọ́n á fi pílásítà bò ó, ojú ò ní rí i. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń gbé sára ògiri tó ń sọ bí irin ṣe jìn tó láì fọ́ nǹkan kan. Bí ẹnjiníà tí ẹ pè kò bá ní in, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fi mọ̀.

Iyọ̀ mìíràn wà tí atẹ́gùn ò mú wá rárá. Inú ilé ni wọ́n pò ó mọ́. Bí bíríkìlà bá lo iyanrìn tó wá láti òkun láì fọ̀ ọ́, tàbí tó fi omi kànga oníyọ̀ po sìmẹ́ńtì, ọjọ́ tí wọ́n da kọnkéré gan-an ni àìsàn bẹ̀rẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè wà jìnnà sí òkun kó sì máa jẹrà bí èyí tó wà lójú ìgbì. Kò sí bí ojú ṣe lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ń lu ihò kékeré, wọ́n á kó ìyẹ̀fun tó jáde níbẹ̀ lọ sí yàrá ìdánwò. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé iṣẹ́ tó ń dán ohun èlò ìkọ́lé wò. Àwọn kan á fi omi oògùn kan tó ń jẹ́ phenolphthalein kan ojú kọnkéré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́: ibi tó bá ṣì mú bí omi eérú á di àwọ̀ osùn, ibi tí agbára rẹ̀ ti tán kò ní yí padà. Ìdánwò náà dára, ṣùgbọ́n kò mọ iyọ̀. Kọnkéré lè pọ́n dáadáa kí iyọ̀ sì kún inú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn nìkan dá yín lójú.

Bí ẹnì kan bá ní àsọdùn ni gbogbo èyí, ẹ rán an létí ìlú Surfside ní Florida, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilé alájà 12 kan tí wọ́n kọ́ parí ní 1981 létí òkun níbẹ̀ wó lápá kan ní òru ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà 2021, èèyàn 98 ló kú. Ní 2018, ẹnjiníà kan ti kọ̀wé fún àwọn onílé pé omi ti ń wọ abẹ́ pèpéle tó yí odò ìwẹ̀ ká, kọnkéré ibẹ̀ sì ti ń bàjẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé ìjàǹbá yẹn, Florida ṣòfin pé ilé alájà mẹ́ta sókè tí àwọn onílé rẹ̀ pọ̀ gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò tó bá pé ọdún 30, tàbí ọdún 25 tó bá wà láàárín máìlì 3 sí òkun; ní 2023, wọ́n fi ti ọdún 25 yẹn sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ láti pinnu. Àwọn ará ibẹ̀ gan-an gbà pé etí òkun ń fi ọdún márùn-ún sáré ju ibòmíì lọ.

Ti òrùlé kò gùn. Páànù alumíníọ́ọ̀mù dára létí òkun ju páànù onírin lọ, èyí tó nípọn tó mílímítà 0.55 sì máa ń pẹ́ ju 0.45 lọ. Ìṣó ló máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí irin méjì tí kò jọ ara wọn bá fara kanra nínú omi iyọ̀, wọ́n ti di bátìrì nìyẹn, ọ̀kan á máa jẹ èkejì. Tí wọ́n bá fi ìṣó irin kan páànù alumíníọ́ọ̀mù, páànù yẹn ló máa jẹ, ihò ìṣó á máa fẹ̀, omi á sì wá ọ̀nà. Ayẹ̀léwò, ẹni tó ń bá yín yẹ ilé wò, á gun òkè lọ wo ìdí ìṣó. Bí ilé bá jẹ́ oní-párápẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí wọ́n fi ògiri bo òrùlé mọ́lẹ̀ tó gbòde kan ní Lẹ́kkí báyìí, á wo gọ́tà kọnkéré tó wà lẹ́yìn ògiri náà. Èmi ò fẹ́ràn párápẹ́ẹ̀tì létí òkun, kí n má parọ́. Ewé kan ṣoṣo tó dí ẹnu páìpù ti tó kí odindi òjò máa dúró lórí yàrá yín.

Ó tún máa wo ẹ̀rọ amúlétutù tó wà níta. Bí àwọn awẹ́ wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ń rún bí gúgúrú, ó ti mọ bí atẹ́gùn ibẹ̀ ṣe mú tó. Á ní kí oníná ṣí àpótí fíúsì: bí ara bàbà bá ti di àwọ̀ ewé, ọ̀rinrin ń wọ ibẹ̀, iná sì lè ti ibẹ̀ sọ.

Omi ló kù, omi sì ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù.

Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́. Láti 1908 sí 1912 ni ìjọba amúnisìn kọ́ àwọn odi òkúta gígùn sẹ́nu ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọ Èkó, kí iyanrìn má bàa dí i. Iyanrìn yẹn, láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn ni òkun ti ń gbé e lọ láti ayébáyé. Nígbà tí odi dá a dúró, apá ìwọ̀ oòrùn ń kún, apá ìlà oòrùn, níbi tí Bar Beach wà ní Victoria Island, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Òkun ń gbà, wọ́n ń da iyanrìn sí i, òkun tún ń gbà. Lónìí, Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n kọ́ sórí iyanrìn tí wọ́n dà sínú òkun, àti odi ńlá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìjẹ náà kò tán, ó kàn sún síwájú. Àwọn ará Òkun Alfa, abúlé kan ní ìlà oòrùn ibẹ̀, lè sọ fún yín bí ilé wọn ṣe ń bọ́ sómi. Ní Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ojúde lọ. Nítorí náà, kí ayẹ̀léwò tó jáde nílé rẹ̀ rárá, á ti ṣí Google Earth, á fa àwọn àwòrán ọdún àtijọ́ wá, á wo ibi tí bèbè wà nígbà náà àti ibi tó wà báyìí. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin náà lè ṣe é.

Ọ̀pọ̀ ilé lójú ọ̀nà yẹn kò sí lójú ìgbì, àgbàrá ló ń dà wọ́n láàmú. Inú ọ̀sà ni gọ́tà àdúgbò ń tú sí. Bí òjò ńlá bá bọ́ sí ìgbà tí ọ̀sà kún, gọ́tà ò ríbi tú sí, omi á padà sílé. Ẹni tó wà ní Lẹ́kkí tàbí Àjáh lọ́jọ́ 3 oṣù Keje 2024 ò nílò àlàyé. Ayẹ̀léwò á wá ìlà omi lára fẹ́ǹsì, á wo bóyá wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sórí pèpéle gíga, á wo bóyá wọ́n gbé ojú iná ògiri sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Á yọjú sí ilé kejì: bí wọ́n bá mọ odi kékeré sẹ́nu ọ̀nà, ẹlòmíì ló ti bá yín dáhùn ìbéèrè yín. Á wo òpópónà náà. Ilé tó ga nígbà tí wọ́n kọ́ ọ lè ti di kòtò lónìí, nítorí gbogbo ẹni tó ń kọ́lé lẹ́yìn rẹ̀ ló ń fi iyanrìn gbé ilẹ̀ tirẹ̀ ga. Ajẹ́ǹtì á ní omi kì í wọ ibẹ̀. Mẹ́gádì á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ lọ ra àkàrà níwájú ẹsíteètì, kí ẹ fọ̀wọ̀ bi ìyá tó ń dín in pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Lóṣù Keje, ibo lẹ máa ń gbé àdìrò yín sí?”

Ẹ tún bi ara yín bóyá ilé náà jókòó lójú ọ̀nà omi. Ìjọba Èkó ti wó ilé lórí ọ̀nà àgbàrá tí wọ́n ń pè ní System 156 àti System 157, àwọn kan lára wọn sì rẹwà. Ìwé ilẹ̀ nìkan kò gba ilé lọ́wọ́ katakata. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé àti ìwé tí LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń mójú tó ilé kíkọ́, ń fún ilé tó ti parí pé ó ṣeé gbé.

Lábẹ́ ilé ńkọ́? Àbàtà ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, iyanrìn tí wọ́n fà lábẹ́ omi ni wọ́n dà lé e. Ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ á máa fún pọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í sì í fún lọ́gbọọgba. Ilé tí wọ́n gbé sórí òpó ìpìlẹ̀ tó wọlẹ̀ jìn, tàbí lórí pẹpẹ kọnkéré tó tẹ́ lọ lábẹ́ gbogbo ilé, máa ń fara dà á ju èyí tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ lásán kọ́. Ẹ gbé ọsàn kan sílẹ̀ ní pálọ̀, kí ẹ wò ó bóyá yóò yí lọ. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kí ẹ tún tì wọ́n. Ìlà tó tín-ín-rín bí irun lára pílásítà kì í ṣe ẹjọ́, ooru àti gbígbẹ ló sábà ń fà á. Èyí tó ń gun bulọ́ọ̀kù lọ ní ìpele ìpele bí àtẹ̀gùn, tí owó ẹyọ sì lè wọ inú rẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ pe ẹnjiníà sí.

Omi mímu àti ìdọ̀tí, ìbátan ni wọ́n níbẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ sún mọ́ òkè tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé lásìkò òjò, sọ́kàwé kì í rí ilẹ̀ tó máa fà á mu. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á máa hó, ọkọ̀ agbẹ́gbin á wá lọ́sẹ̀ yìí, á tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òfin àwọn tó mọ̀ ni pé kí kànga jìnnà sí sọ́kàwé tó mítà 30. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ 100 tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ 50 kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà 30 sí 15 lọ, aládùúgbò sì ní tirẹ̀ lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Nítorí náà, ẹ gbé omi náà lọ fún ìdánwò. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ pọn ún sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun kó sùn mọ́jú; bí ó bá di pupa, irin ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Gbogbo èyí rọrùn láti rí lóṣù Keje, ó sì ṣòro nígbà ọyẹ́. Ìdí rèé tí ilé púpọ̀ fi ń jáde sọ́jà lóṣù Kejìlá, tí àwọn ará wa ń bọ̀ láti London àti Houston fún Kérésì pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ọ̀rinrin ti gbẹ, wọ́n ti kùn ún. Ayẹ̀léwò á ṣọ́ra fún ilé tí wọ́n kun ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀ nìkan, tàbí tí wọ́n lẹ táìlì mọ́ ọn láti ilẹ̀ dé ìwọ̀n ìbàdí nínú yàrá tí kò nílò táìlì. Wọ́n fi bo iyẹ̀fun funfun tí ọ̀rinrin ń fà gòkè láti ilẹ̀ ni. Bí ẹ bá wà lókè òkun, fídíò tí ajẹ́ǹtì fi ránṣẹ́ ò tó. Ẹ rán ẹbí kan tí kò ní gba owó nínú rẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, kó rin òpópónà náà wá kó tó dé géètì, kí fóònù rẹ̀ sì máa ká a.

Tí wọ́n bá wá rí àbùkù ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ máa sá fún. Òrùlé ṣeé tún kàn, wáyà ṣeé tún fà. Kọnkéré tó ti ń là náà ṣeé tún ṣe, àmọ́ kì í ṣe kí bíríkìlà wá fi sìmẹ́ńtì bo ojú rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ dé ẹ̀yìn irin, kí wọ́n ha ìpáàrà kúrò, kí wọ́n yọ kọnkéré tó ti mu iyọ̀ dànù, kí wọ́n tó fi èyí tó dára dí i. Bí wọ́n bá dí ojú kan lásán, irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa ń jẹ kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ní kí ẹnjiníà kọ iye tí iṣẹ́ yẹn máa ná yín sórí ìwé, kí ẹ gbé ìwé náà lọ síwájú ẹni tó ń tà. Ti òpópónà tó ga ju ilé lọ ni kò sí iye tí ẹnjiníà lè kọ sí i.